Àyè Ìka Méjì Lára Idẹ

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irọ́ fún ọ pé kó o bá òun kọ ọ́ sílẹ̀, má wí pé ọwọ́ lásán lo fi yá a. Ọwọ́ kì í jẹ́jọ́. Ẹni tó ni ín ni yóò jẹ́ ẹ.

Ọkùnrin kan wà tó ń fín lẹ́tà sára idẹ. Afíndẹ ni àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé rẹ̀ ò pọ̀, àyà rẹ̀ sì máa ń já bí ilẹ̀kùn bá ṣáà dún. Òun ló ń ṣiṣẹ́ fún gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn oníṣòwò ńlá agbègbè náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ẹnì kan kún àwọn tí idẹ wọn wà lára ògiri. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó fín idẹ ni yóò dúró tì í, tí yóò kà á sétí gbogbo èèyàn.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kàn, Ọ̀gá, tó ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àkọ́bí, ló kọ́kọ́ se ọṣẹ náà, lẹ́yìn ilé, nígbà tí ìyá wọn kú. Sóódà jó o láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ọṣẹ yẹn ló fi rán àwọn àbúrò méjèèjì níléèwé. Afíndẹ fúnra rẹ̀ ló sá kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Afíndẹ kà á, ìka rẹ̀ dúró. "'Òun nìkan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀.' Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí ńkọ́?"

"Àǹtí ńkọ́ báwo? Idẹ ò láyè."

"Mo wọ̀n ọ́n. Ó ku àyè ìka méjì nísàlẹ̀."

"Fín òdòdó sí i." Ọ̀gá gbójú sókè. "Òrùlé yìí, ṣé kò jò mọ́?"

Afíndẹ mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ilé Ọ̀gá ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ó ní kò jò mọ́, ẹ ṣé, sà. Ó fín òdòdó náà. Ó tiẹ̀ fín in dáadáa, ìyẹn ló dùn ún jù.

Lọ́jọ́rú, ó bá Àǹtí nílé, Àǹtí ń bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ.

"Èmi ò fẹ́ àwòrán lára ògiri o," ni Àǹtí wí. "Ojú àgbà yìí, ẹ má fi dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Kí n ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé èmi ni mo kọ́kọ́ se é."

"Ẹ ó gbọ́ ọ, mà."

Ó sì rò ó bẹ́ẹ̀. Idẹ ò lẹ́nu; òun ló lẹ́nu. Òun á fẹnu fi Àǹtí kún un.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Afíndẹ ń kà á lọ títí ó fi dé ibi ẹni tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀. Àǹtí rò pé ó ti kan òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Afíndẹ wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ò fajú ro. Ó kàn ń wò ó.

"Òun... òun nìkan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀."

Àtẹ́wọ́ dún. Àǹtí ti dìde tán. Àwọn tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn wò ó. Kí ni kó ṣe? Òun náà pàtẹ́wọ́, ó jókòó. Afíndẹ wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀, ilẹ̀ ò lanu.

Ó sáré bá a lórí àtẹ̀gùn níta. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà mí."

"Ọjọ́ wo lo fín in?"

"Ọjọ́ Ajé, mà."

"Ọjọ́rú lo wá sílé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O jókòó, ò ń wò mí, mo ń bá ọ lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ."

Ọ̀gá jáde, oníwèé ìròyìn tẹ̀ lé e. "Àǹtí wa! Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa mi."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ọ́ tán nínú gbọ̀ngàn."

"Díẹ̀ péré, Àǹtí."

Àǹtí mi orí pé rárá.

"Èmi ńkọ́, Àǹtí?" ni Afíndẹ bẹ̀ ẹ́. "Kódà, ẹ bú mi."

Àǹtí yíjú sí i. Ó tún mi orí.