Ọkọ Mi Agbẹ̀yìngbè

Olórin ni mí. Ìwé kejì ni mo kà dé tí ilé ẹ̀kọ́ fi sú mi, mo bá gba ojú fèrèsé jáde, n ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ti orin, ẹ wá bi mí. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò lè kọrin. Bẹ́ẹ̀, nídìí orin ló wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ibi ìwakùsà ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ihò tó jìn débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ kì í mọ ìgbà tí òjò rọ̀ lókè. Orin ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é. Bí wọ́n bá ti ń gbè é ni òòlù á máa balẹ̀. Gbogbo wọn á gbè é pa pọ̀, àfi ọkọ mi. Ìgbà tí wọ́n bá gbè é tán ni tirẹ̀ á tó dé, bí àlejò tó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àwo kúrò nílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá lu irin lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò lù. Wọ́n ní kó máa ti ọmọlanke òkúta. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Agbẹ̀yìngbè.

Nílé, èmi ni mo máa ń dá orin náà fún un bó bá ń wẹ eruku ara rẹ̀:

Òkúta, ṣílẹ̀kùn!
— Yóò ṣí o, yóò ṣí.
Ìyàwó ń wọ̀nà!
— A ó délé o, a ó délé.

Èmi á dá a, èmi náà á gbè é, síbẹ̀ yóò pẹ́. Bó bá wá dé níkẹyìn, á fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ dúró dè mí!"

Èmi á ní, "Ọkọ mi, orin ti wọlé, ó ti jókòó, ẹ̀yin ṣì wà lọ́nà."

Òun á ní, "Ìwọ ṣáà má tilẹ̀kùn."

Eruku òkúta yẹn náà ló padà bá a jà láyà. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tó ti kú. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri mi, nítorí náà ojú rẹ̀ ò sọ nù. Ohùn rẹ̀ ló sọ nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ rántí bó ṣe máa ń pè mí, ohùn ara mi ni mo gbọ́. Mo tún un ṣe, ohùn ara mi náà ni. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo sunkún bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ló kú. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí mo ń wá láyé yìí ju ohùn yẹn lọ. Níbo lèèyàn sì ti ń wá ohùn?

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo rí lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ilé ìkàwé yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìwakùsà. Ilé yẹn tóbi! Ìwé ló kún un láti ilẹ̀ dé àjà. N ò lè kà wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n: ìwé ẹ̀rọ fúyẹ́, ìwé òkúta wúwo bí òkúta fúnra rẹ̀. Orin nìkan ni wọn ò fẹ́ níbẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, Ẹ-Dákẹ́ ni mo sọ ọ́, nítorí bó ṣe ń kí mi nìyẹn.

"Ìyá, ẹ dákẹ́."

"Mo ti dákẹ́, ọmọ mi. Ẹnu mi ni kò tíì gbọ́."

Ní Ọjọ́rú kan, mo wà ní yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn máàpù àti ìwé àwọn ihò àtijọ́ sí. Mo ń nu pẹpẹ, orin ọkọ mi bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo gbọ́ bàtà kò-kò-kò lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, ó tán, wọ́n á dá mi dúró lónìí.

Ẹ-Dákẹ́ ló wọlé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Ìyá, ẹ má dákẹ́! Níbo lẹ ti gbọ́ orin yẹn?"

Èmi tí wọ́n ti ń pa lẹ́nu mọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún! Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní olùkọ́ kan ti gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wọ inú ihò náà láyé àtijọ́, kó lè mọ bí orin ṣe ń mú iṣẹ́ yá. Omi ti kún ihò náà báyìí, olùkọ́ náà ti kú, ṣùgbọ́n téèpù náà wà, òun sì gbọ́ orin náà lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó nawọ́ sí àpótí pupa kan lórí pẹpẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ẹ gbà mí! Mo ti nu àpótí yẹn ju bí mo ṣe nu ojú ara mi lọ.

Ó mú mi lọ bá Ẹnjiníà tó ń da àwọn téèpù àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó fi orin náà sí i. Ha! Òòlù ń dún, àwọn ọkùnrin ń gbè é gbàmù, ohùn wọn mọ́ bí omi àmù. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí. Ọkọ mi ò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n dára. Ẹ ṣeun." Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Mo ti fọ̀ ọ́ ni, Mama. Téèpù náà ti jẹrà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà kó ṣiṣẹ́, ó já. Èyí tí mo rí gbà nínú rẹ̀, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Gbohùngbohùn kan sì ń tẹ̀lé wọn ṣáá. Mo yọ ọ́ kúrò."

"Gbohùngbohùn wo?"

"Ohùn tó ń padà bọ̀ láti ara ògiri ihò. Mo tiẹ̀ fi ṣírò bí ògiri náà ṣe jìnnà tó. Tí n bá ti pa èyí tí n ò tíì fọ̀ rẹ́, iṣẹ́ parí."

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo gbá a mú, èmi tí n kì í fọwọ́ kan ohun ìní ọ̀gá.

"Ẹnjiníà, mo fi ohun tí ẹ fẹ́ràn jù bẹ̀ yín. Kì í ṣe ògiri. Ọkọ mi ni."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo mọ irú ìwò yẹn; arúgbó ni wọ́n máa ń wò bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mama, gbogbo ihò ló máa ń dá ohùn padà."

"Ó dáa. Gbohùngbohùn, ṣé ó máa ń sọ ohun tí ẹnì kankan ò sọ?"

"Rárá o."

"Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ò tíì fọ̀ sí i. Tí wọ́n bá ní 'a ó délé' tán, ẹ tẹ́tí. Ẹnì kan á ní kí wọ́n dúró de òun."

Ó fi sí i. Ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi bo gbogbo rẹ̀. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un fi sí i, kò sí. Ẹ-Dákẹ́ gbá èjìká mi mú. Ẹnjiníà fọwọ́ ra orí rẹ̀, ó rẹ ariwo omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún un fi sí i lẹ́ẹ̀kẹta.

"A ó délé o, a ó délé."

Lẹ́yìn náà, ohùn kan, òun nìkan, ó ń mí bí ẹni tó ń ti ẹrù: "…a ó délé. Ẹ dúró dè mí!"

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ihò lọ́hùn-ún. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu tèmi náà, omijé bá a wá. Ó le díẹ̀, ohùn rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó le.

Ẹnjiníà ń wo ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, ìyàwó ògiri nìyí." Ó fà á ya.

Ọkọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pẹ́ sí ohun gbogbo, kí ló wá mú yín yára ṣíwájú mi?

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì báyìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ jẹun ọ̀sán, Ẹ-Dákẹ́ á fi orin náà sí i fún mi ní yàrá ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á máa gbè é, kò tilẹ̀ mọ orin kọ. Èmi á di ìgbálẹ̀ mi mú, n ò ní bá wọn gbè é. Á dìgbà tí wọ́n bá gbè é tán, kí n tó wọlé pẹ̀lú ọkọ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ-Dákẹ́ ní, "Ìyá, ẹ pẹ́ o."

Mo ní, "Mo mọ̀."