Pákó Pálọ̀ Ràsáàkì

"Ẹ bọ́ bàtà yín ná, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́," Jẹ́ẹ́dé sọ fún ìyàwó onílé. "Ẹsẹ̀ yín ni yóò sọ èyí tó wù yín."

Àsíátù bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àpẹẹrẹ pákó mẹ́ta ni Jẹ́ẹ́dé tò sórí símẹ́ǹtì pálọ̀ tuntun náà, pákó wẹ́wẹ́ tí wọ́n so kọ́ra bí ìgbà tí èèyàn hun ẹní. Ọ̀kan jẹ́ ìrókò, ọ̀kan jẹ́ apá, ọ̀kan jẹ́ arère. Àsíátù tẹ ìrókò, ó tẹ apá. Nígbà tó dé orí arère tó funfun báláú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Fàtímọ̀, èyí ni mo fẹ́ o! Ẹ wo bó ṣe mọ́ tónítóní."

Ràsáàkì ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀jẹ̀ládé gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní tirẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó sàn kó káwọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá mú un wá síwájú, ó lè fi gbá ẹnìkan létí.

Ta ni kò mọ Ọ̀jẹ̀ládé ní Ṣakí? Ó lé lógójì ọdún tó ti ń gbẹ́gi. Òun ló kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n bí Ràsáàkì sí, òun ló kan àga tí bàbá Ràsáàkì jókòó lé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí Ràsáàkì ti Mẹ́kà dé, tó ra ọkọ̀ akẹ́rù kẹrin, tó sì bẹ̀rẹ̀ ilé alájà yìí, tọmọdé tàgbà àdúgbò ló ń kí Ọ̀jẹ̀ládé kú oríire iṣẹ́ tó ń bọ̀. Àfi bí Ràsáàkì ṣe kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó lọ gbé agbaṣẹ́ṣe wá láti Ìbàdàn. Ta wá ni agbaṣẹ́ṣe ọ̀hún? Jẹ́ẹ́dé! Jẹ́ẹ́dé tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀ládé fún ọdún mẹ́fà gbáko, tó fi ayùn ya ara rẹ̀ lọ́wọ́ títí ó fi kù díẹ̀ kí ìka tán níbẹ̀. Òun ló gbé píkọ́ọ̀pù dé wàyí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi iná gégi, tí wọ́n ń pè ní "Ọ̀gá Agbaṣẹ́ṣe" kiri ìlú.

Ká má tan ara wa jẹ, Ọ̀jẹ̀ládé ń jowú. Ó ń jowú débi pé kò fọwọ́ kan ẹ̀kọ àárọ̀ ọjọ́ náà. Owó kọ́ ló sì ń dùn ún jù. Kò tíì tẹ́ irú pákó yìí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá rèé," Ràsáàkì sọ fún un. "Jẹ́ẹ́dé ní ká lo ìrókò tàbí apá. Ìyàwó mi ní arère. Èmi ọlọ́kọ̀, táyà ni mo mọ̀, n ò mọgi. Ẹ̀yin lẹ mọgi. Èwo ni ká lò?"

"Ohun tí ọ̀gá mi bá ti sọ, abẹ gé e," ni Jẹ́ẹ́dé wí.

Arère kẹ̀! Arère dára fún àjà, ó dára fún inú àpótí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní Ṣakí, níbi tí ikán ti ń jẹ ẹsẹ̀ àga kí ẹni tó jókòó tó dìde? Ọdún méjì ò ní pé kó tó di ìyẹ̀fun. Ọ̀jẹ̀ládé mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó sì ń wo ọdún kejì náà lọ́kàn: àlejò Ràsáàkì tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ wọlé lọ ràì, gbogbo Ṣakí ń bi ara wọn pé ṣé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe Ìbàdàn náà nìyí. Inú rẹ̀ dùn, àfi bí ẹni fá oyin lá.

"Arère ni," ó ní.

Jẹ́ẹ́dé gbójú sókè. "Arère, ọ̀gá mi?"

"Ṣebí ìyàwó ilé ni yóò máa gbá a? Ẹ lo èyí tó wù ú. Ẹ ṣáà ti fi oògùn ikán pa á lára dáadáa, kò sóhun tí yóò ṣe é."

Àsíátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Àgbà ti fọhùn!"

Jẹ́ẹ́dé la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọmọ iṣẹ́ kì í já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ níwájú oníbàárà, ìbáà ti gbòmìnira lógún ọdún sẹ́yìn. Ó tẹríba, ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá mi."

Ẹ̀rín ni Ọ̀jẹ̀ládé ń rín délé. Dúróríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń po òrí nínú ọpọ́n lẹ́yìnkùlé nígbà tó ròyìn fún un. Obìnrin náà dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ ní kí wọ́n lo arère?"

"Ìyàwó rẹ̀ ló yàn án. Èmi kọ́."

"Bàbá Ìyápọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti fi arère kan bẹ́ẹ̀dì fún mi nígbà tí mo bímọ, tí ẹ ní ikán á jẹ ẹ́ kí ọmọ tó rìn?"

"Jẹ́ kó rí i. Píkọ́ọ̀pù ló wá fi yangàn fún wa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Ṣé àkísà lẹ wá fi ń ṣe fáàrí báyìí?" Dúróríkẹ́ bi í, ó sì ki ọwọ́ padà bọ inú òrí rẹ̀.

Ọ̀jẹ̀ládé pòṣé, ó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ níwájú ilé. Ó mú pákó kan, ó fá a, ó fá a, títí pákó ọ̀hún fi tín-ín-rín ju ohun tó fẹ́ lọ. Ó jù ú nù. Bí òòrùn ṣe ń rọlẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù dúró lẹ́nu ìsọ̀. Jẹ́ẹ́dé bọ́ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìyẹ̀fun pákó pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn.

"Ọ̀gá mi, Ìbàdàn ni mò ń lọ báyìí, mo fẹ́ lọ ra arère. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá bi yín ní nǹkan kan. Oògùn ikán tí ẹ sọ yẹn, èwo ni?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè rí i rà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé arère kì í gbélẹ̀. Ẹ tiẹ̀ gbá mi létí lórí ẹ̀ nígbà kan. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé ọ̀gá mi ò lè dédé sọ̀rọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ẹ ò tíì kọ́ mi."

Ọ̀jẹ̀ládé ń wo ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀wù ọkùnrin náà. "Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?"

"Níwájú oníbàárà, ọ̀gá mi? Ṣé ọmọ àlè ni mí ni? Nítorí yín náà ni wọ́n ṣe gbéṣẹ́ fún mi. Alàájì bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́, mo dárúkọ yín, wọ́n ní ó tán, kí n máa bọ̀." Jẹ́ẹ́dé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó bá sì bàjẹ́, màá ní èmi ni n ò fi oògùn sí i tó. Wọn ò ní gbọ́ orúkọ yín níbẹ̀."

Ká ní Jẹ́ẹ́dé bú u ni, ì bá sàn fún un. Ká ní ó fọ́nnu, owú ì bá rí nǹkan jẹ. Ọwọ́ tí Ọ̀jẹ̀ládé gbé lé Jẹ́ẹ́dé lórí lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀ọ̀mù, tí gbogbo ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe àmín bó ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí kò ní bàjẹ́, òun ló ń ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́ wàyí. Ojú tì í. Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan yọ sí i: kó kàn ní òun ti tún inú rò, kí Jẹ́ẹ́dé lọ ra ìrókò, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó gbé e mì.

"Má tíì lọ sí Ìbàdàn," ó ní. "Gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ràsáàkì."

Wọ́n bá tọkọtaya náà nínú pálọ̀ tí wọ́n ń jiyàn nípa ibi tí àga yóò wà. Ràsáàkì fa àpótí kan fún Ọ̀jẹ̀ládé, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà ò jókòó.

"Irọ́ ni mo pa fún yín lónìí," Ọ̀jẹ̀ládé wí. "Arère ò ṣe é tẹ́ sílẹ̀. Ikán á jẹ ẹ́, oògùn kankan ò ní dá a dúró. Mo sì mọ̀ kí n tó sọ ọ́."

Ràsáàkì jáwọ́ lára àpótí náà. "Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

"Owú ni. Mò ń jowú ọmọ yìí. Mo fẹ́ kó tẹ́ lójú gbogbo ìlú."

"Háà!" Àsíátù fi ọwọ́ lé orí. "Nínú pálọ̀ tèmi?"

"Nínú pálọ̀ tìrẹ ni, ìyàwó. Ẹ forí jì mí."

Jẹ́ẹ́dé ti doríkodò, kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ràsáàkì kọjú sí àgbàlagbà náà.

"Láti kékeré ni bàbá mi ti sọ fún mi pé bí Ọ̀jẹ̀ládé bá sọ̀rọ̀ nípa igi, kí n má bi ẹlòmíì léèrè mọ́," ó wí, ó sì jáde lọ sí àgbàlá. Kò pariwo, kò bú u. Ọ̀jẹ̀ládé mọ̀ pé Ràsáàkì ò ní bi òun léèrè igi mọ́ láé.

Àsíátù mí kanlẹ̀. "Èwo wá ni ká lò báyìí?" Jẹ́ẹ́dé ló kọjú sí tó fi bi í.

Jẹ́ẹ́dé wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ń bi," Ọ̀jẹ̀ládé sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ ká lo apá, Ìyá Fàtímọ̀. Igi ilẹ̀ wa ni, ó ti mọ ọyẹ́ ibí, ó mọ òjò ibí. Ikán ò sì rí i gé jẹ."

Ohun tí Ọ̀jẹ̀ládé ì bá sọ gan-an nìyẹn, àfi bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó tún dùn ún. Owú ò tíì lọ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpẹẹrẹ apá náà, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

"Jẹ́ẹ́dé."

"Ọ̀gá mi."

"Níbo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ṣé láti ìdí ògiri ni àbí láti àárín? N ò tẹ́ irú ẹ̀ rí."

Jẹ́ẹ́dé ò rẹ́rìn-ín. Ó fa okùn ìwọ̀n yọ lápò, ó lóṣòó tì í.

"Láti àárín ni, ọ̀gá mi. Ẹ bá mi di ẹnu ẹ̀ mú níbí."

Ọ̀jẹ̀ládé dì í mú.