Ohun Tí Gbádé Dà Sínú Àbàtà

Kọ̀ǹ-kọ̀, kọ̀ǹ-kọ̀. Ohùn kọ̀ǹkọ̀ tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ nínú àbàtà ẹ̀yìn Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò tíì kúrò létí Gbádé láti ọdún méjìdínlógójì tó ti wà ní Kádíìfù lókè òkun, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Nígbà tó ṣì wà nílé lọ́hùn-ún, bó bá ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì rẹ̀ láàárọ̀, àwọn kọ̀ǹkọ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ kí i kí oníbàárà tó dé.

Ọmọ tíṣà Áńgílíkà ni Gbádé. Kò jẹ́ ta oògùn tí déètì rẹ̀ ti kọjá, ì báà ṣe fún ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n béèyàn bá jù ú sórí ààtàn, àwọn kan á ṣà á, wọn á nù ún, wọn á máa kiri tà á ní Costain. Ló bá dá àṣà kan sílẹ̀. Ní gbogbo Sátidé tó bá parí oṣù, yóò gbé àpótí ìjókòó sétí àbàtà, yóò máa ṣí kápúsù apakòkòrò tó ti kọjá déètì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bó ẹ̀pà, yóò sì da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sómi. Àwọn ẹja epìyà á sáré wá sókè, Gbádé á ní wọ́n wá gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́.

"Omi ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni," ló máa ń sọ fún Christabel, tó ń pè ní Bẹ́lì, àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń lọ sókè òkun, ó fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àti àṣà náà lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Christabel pè é lórí fídíò Wásáàpù. Ìbínú ti wọ́ gèlè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n ti ba omi wa jẹ́."

"Àwọn wo?"

"Ohun tí à ń wá nìyẹn. Ṣìmí, ọmọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń kàwé ní Yaba, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wá bu omi àbàtà sínú ìgò lọ yẹ̀ wò. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n bá níbẹ̀."

"Oògùn?"

"Ẹ jẹ́ n débẹ̀. Wọ́n ní oògùn yẹn ti mọ́ àwọn kòkòrò burúkú inú ẹrẹ̀ lára, kò ràn wọ́n mọ́. Àwọn tó wúlò, tó ń jẹ ìdọ̀tí kí omi lè mọ́, àwọn yẹn ló ń kú. Igi gún Síkírù apẹja lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé kápúsù mì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbò kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Ta lẹ wá fura sí?"

"Àwọn tó ń sin adìyẹ lókè odò ni, wọ́n máa ń po irú oògùn yẹn mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n ti fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa wá ọ̀daràn náà. Ìpàdé láńlọ́ọ̀dù di Sọ́ńdè. Ẹni tọ́wọ́ mi bá tẹ̀, á mọ̀ pé ọmọ tíṣà ni mí."

Gbádé wúkọ́ díẹ̀. "Bẹ́lì, àwọn tí déètì wọn ti kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Páálí kan àbọ̀. Mo máa dà wọ́n lọ́tunla, Sátidé, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mi ò fo oṣù kan rí. Ohun tí mo fi ń yangàn ládùúgbò nìyẹn, pé ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi lóòótọ́."

Kò sẹ́ni tó ń fura sí ìwà rere ara rẹ̀. Gbádé kàn ní kó kí àwọn ará ilé.

Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Àwọn dókítà ìhín ní kí a má da oògùn sómi mọ́," ó pa á rẹ́. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó tún kọ òmíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Bó bá sọ ọ́ tán, kí ni Bẹ́lì yóò máa fi yangàn? Bí kò bá sì sọ ọ́, Sátidé ti dé.

Gertrude ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì. "Dádì, wákàtí kan rèé tẹ́ ẹ ti ń tẹ fóònù yẹn. Ṣé ìwé ìhágún lẹ̀ ń kọ ni?"

"Ó jọ ọ́." Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Gertrude nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró. "Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹ fi ránṣẹ́ kí obìnrin yẹn tó jí lọ gbé àpótí."

Ó fi ránṣẹ́:

"Bẹ́lì mi, má da páálí yẹn o. Àwọn tó ń sin adìyẹ lè ní tiwọn lọ́rùn, n ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀, èmi ni mo dá àṣà dída oògùn sómi sílẹ̀, ìwọ kàn gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni. Mo rò pé bó bá ti wọ omi, ó tán nìyẹn. Kò tán. Ní kí Ṣìmí bá ẹ gbé páálí náà lọ síbi tí wọ́n ti ń jó irú ẹ̀. Kí Síkírù lọ sọ́sibítù, kí wọ́n yẹ ẹgbò yẹn wò dáadáa kí wọ́n tó fún un lóògùn mìíràn. Tó bá di Sọ́ńdè, dìde kó o ka ọ̀rọ̀ yìí sétí ìpàdé. Orúkọ mi ni kó o kọ́kọ́ dá. Tí mo bá gbọ́ pé tìẹ lo kọ́kọ́ dá, mo máa wọ bàálù wá bá ẹ jà. Gbádé."