Àpáta Tó Ń Dúró De Ọlọ́wẹ̀

Kì í ṣe pé Salaudeen ń gbé Magodo tí òun ń ránṣọ ní Ketu ló ń bí Rùkáyátù nínú. Olúwa ló ń fún ni. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ọkùnrin náà jókòó sí Èkó, ó dínà mọ́ odidi ìlú, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Òkè-Àṣàmú ni ìlú wọn, lórí òkè lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn. Mọ́tò kì í débẹ̀. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé ìyá Rùkáyátù sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àìsàn dé, orí àpáta ló dákẹ́ sí. Ìjọba ṣèlérí, ṣèlérí, títí ìlérí fi sú àwọn ará ìlú. Ni wọ́n bá fi ọ̀wẹ̀ la ọ̀nà fúnra wọn, tọmọdé tàgbà, ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko. Ó wá ku àpáta ńlá tí ìyá náà kú sí. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n sì lè fọ́ ọ: wọ́n á to igi lé e, wọ́n á dáná sí i títí yóò fi gbóná, wọ́n á da omi sí i kó lè sán, kí wọ́n tó fi hámà gbá a. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Àṣìṣe tí wọ́n wá ṣe nìyí. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀wẹ̀ àpáta yẹn dá Salaudeen lọ́lá, torí òun ni chairman ẹgbẹ́ wọn l'Ékòó. Kó jẹ́ òun ni ọlọ́wẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni ní Òkè-Àṣàmú kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ ṣáájú ọlọ́wẹ̀. Igi ti gbẹ, hámà wà nílẹ̀, gbogbo ìlú ń wo ọ̀nà Èkó láti oṣù kìíní. Oṣù kẹta sì ti ń parí lọ.

Ní mítìn ọjọ́ Sunday, nínú kíláàsì kan tí wọ́n yá ní Ikosi, Rùkáyátù dìde.

"Chairman, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ń lọ? Oyún Ajarat àbúrò mi tó wà nílé ti wọ oṣù kẹjọ. Òjò kan ti rọ̀ nílé, ẹ sì mọ̀ pé òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa."

Salaudeen ní kó fara balẹ̀. "Honourable ló ń bá wa lọ, pẹ̀lú àwọn oní-TV. Schedule wọn ni mò ń dúró dè. Ṣé ká kàn lọ máa fọ́ òkúta báyẹn, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀?"

Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Àwọn tó fi èjìká gbé òkú kì í ṣe ènìyàn lójú ẹ̀ nìyẹn.

"Ìyá mi kú sórí àpáta yẹn," ó ní. "Kò sí TV níbẹ̀."

Rùkáyátù yọ fóònù, ó pe Baba Àyàndélé, àgbà tó ń ṣolórí ọ̀wẹ̀ nílé, ó sì gbé e sórí speaker kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Baba, ẹ káàsán o. Rùkáyátù ni. Mo fẹ́ gba ọ̀wẹ̀ àpáta. Èmi ni n ó jẹ́ ọlọ́wẹ̀."

Salaudeen bú sẹ́rìn-ín. "Baba, ẹ má dá a lóhùn. Obìnrin ò ṣe ọlọ́wẹ̀ rí nílùú wa."

Ohùn Bàbá wálẹ̀, bíi ti ẹni tí ojú ń tì.

"Salaudeen, òótọ́ lo sọ, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ká dá èèyàn lọ́lá kó má wá, ìyẹn náà ò ṣẹlẹ̀ rí. Rùkáyátù, jẹ́ ká rí ẹ lọ́jọ́ Tuesday. Èlùbọ́ oúnjẹ ọ̀wẹ̀ wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ la fẹ́."

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Salaudeen. "Kí ni kí n wá sọ fún Honourable?"

Rùkáyátù ti ń ti fóònù bọ báàgì.

"Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ nígbà tó bá wù wọ́n. Mọ́tò wọn á gun òkè. Kí wọ́n ṣáà ti yà fún mọ́tò tó bá ń gbé Ajarat sọ̀ kalẹ̀ lọ bímọ."