Ohùn Yísà Nínú Ẹ̀rọ

Kejetia inú ẹ̀rọ kò ní èrò. Ẹ gbọ́ ná, Kejetia, ọjà ńlá Kumasi, tí èèyàn kì í ríbi gbé ẹsẹ̀ sí! Mo máa ń wakọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, kò ní sí alárù kan, kò ní sí ọkọ̀ èrò tròtrò kan. Òjò á máa rọ̀ lójú gíláàsì, kò sì ní dún. Iléèwé ìwakọ̀ kan nítòsí Aboabo ló ra ẹ̀rọ náà: àga kan, sítíárìn, bíréèkì, àti kọ̀ǹpútà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń fi títì hàn. Inú rẹ̀ lèèyàn á ti kọ́ ọkọ̀ wíwà kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ gidi.

Tí èèyàn bá yan èdè Yorùbá nínú ẹ̀rọ náà, ohùn Yísà ọkọ mi ló máa gbọ́. Òun ni olùkọ́ àgbà níbẹ̀, wọ́n sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àìsàn tó mú un lọ. Bí mo bá sáré ju bó ṣe yẹ, á ní, "Ọ̀gá, rọra. Ta ló ń lé ẹ?" Bó ṣe ń sọ ọ́ láyé nìyẹn. Ara mi á rọ̀ wọ̀ọ̀, bíi ká sùn lọ lọ́sàn-án.

Inú ń bí mi sí i náà o, n kò ní purọ́. Àìmọye awakọ̀ ní Kumasi, Yísà ló kọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá yé ẹnì kan, á bọ́ọ́lẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí Moshie Zongo, á pa ilẹ̀kùn dé, á ní kó máa dá wakọ̀ lọ. Èmi ìyàwó ńkọ́? "Àmọ̀pé, ó di ọ̀la." Ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn títí ó fi kú. Ọ̀la dà? Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé, adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Suleman àbúrò rẹ̀ ti ní tí n kò bá gba láísẹ́ǹsì, òun á tà á. Orí ìjókòó ọkọ̀ yẹn ni Yísà ti dẹnu ìfẹ́ kọ mí. Kò sẹ́ni tó máa tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ní ìwà kan. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń yé èèyàn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn á máa dín kù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wakọ̀ láti Kejetia dé Aboabo láìgbọ́ nǹkan kan, ó dà bíi pé ó tún kú ni. Mo dé kọ́nà, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ gbá òpó iná.

"Ọ̀gá, rọra. Ta ló ń lé ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, òpó yẹn rí nǹkan he lọ́wọ́ mi.

Kwabena, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Yísà tó sì rọ́pò rẹ̀, pè mí. Ó fi Twi bi mí pé, "Màámí, òpó kan náà lójoojúmọ́? Kí ni òpó ṣe yín?" Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ìdánwò, ẹni tó bá kùnà á fi àga sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òjò tí kì í dún yẹn ń rọ̀. Mo rí òpó náà lọ́ọ̀ọ́kán. Orúkọ ni mo máa ń pe ọkọ mi, àwọn àgbà ti bá mi wí títí ó sú wọn. "Yísà, má bínú," mo wí, mo sì rọra yà kọjá. Kò sọ nǹkan kan. Mo wakọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí mo fi rí mọ́ṣáláṣí Moshie Zongo, mo páàkì, mo fa bíréèkì ọwọ́.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí nínú ẹ̀rọ.

"Èmi á sọ̀kalẹ̀ níbí," Yísà wí. "O ti mọ̀ ọ́n. Máa lọ, ọ̀gá."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo sunkún débi pé Kwabena ló bá mi pa ẹ̀rọ náà. Ọ̀la tí Yísà, olóríburúkú mi ọ̀wọ́n, ń wí ti dé.

Kò pẹ́ tí Kwabena fi gbé mi sínú ọkọ̀ gidi, ó jókòó tì mí, a gba Kejetia lọ. Èrò pọ̀ bí omi, awakọ̀ tròtrò kan ń fun fèrè lẹ́yìn mi bí ẹni pé ilé rẹ̀ ń jó. Mo yọrí síta.

"Ọ̀gá, rọra," mo pariwo. "Ta ló ń lé ẹ?"