Ọ́ìlì Jíìpù Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí Bàbá wa lójú àlá. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni jíìpù àtijọ́ wọn wà, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fa ọ́ìlì dúdú jáde. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ́ìlì tó ki ni kí o gbé wá o. Ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà kò fẹ́ èyí tó ń ṣàn bí omi." Mo gbé e wá, mo dà á sí i. Wọ́n ní kí n fa irin tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó jáde. "Tó bá ti dé ojú àmì, màá máa lọ nìyẹn."

Mo fà á, kò tán. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó kọjá lórí òrùlé Ìyá Káfílà aládùúgbò wa, mo ṣì ń fà á, mo ń fi ìró mi nù ún. Bàbá ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀: "Ṣé okùn kànga lò ń fà ni?" Inú mi dùn pé kò tán.

Àfi bí ìdí irin náà ṣe yọ sí mi lọ́wọ́. Ọ́ìlì ti dé ojú àmì.

"Ó ti dé ibẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní mo sọ pé kò tíì dé, wọn ì bá dúró. Ẹ sì mọ̀ pé n kì í lè purọ́ fún wọn.

Mo ní, "Ó ti dé, Bàbá."

Ni mo bá jí.