Màmá Ẹ̀bá Fèrèsé Kò Tíì Kú

"Ka tèmi fún mi," ni Màmá Ẹ̀bá Fèrèsé wí, ó sì ti di etí bébà tó wà lábẹ́ apá ọmọbìnrin kan mú.

Ọmọbìnrin náà dúró gbagidi. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni ní yunifásítì, Màmá sì ni aláìsàn tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù yìí. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú kọ nípa ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, kó sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà ná. Màmá gbà, ó sì ti ń retí. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mú un wá, á tún ọdún náà ṣe.

Iṣẹ́ ọ̀hún ló wà lábẹ́ apá rẹ̀ yìí, àmọ́ òun kọ́ ló kọ ọ́. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, Abánikọ ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Abánikọ ò bi í ju ohun tó ń ṣe aláìsàn lọ. Ọmọbìnrin náà ní egungun ìbàdí ló kán. Abánikọ mirí, ó ní, "Á kú ni. Ikú ló máa ń mú olùkọ́ sunkún." Ọmọbìnrin náà rò pé àwàdà ni, àfìgbà tó ka ìwé náà láàárọ̀ yìí.

Oorun ọ̀sán ti gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Fáànù ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kọ́tìnnì ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ jáde, ẹni tí kò tilẹ̀ sùn dà bí ẹni tó ń lálàá.

"Màmá, mo ti pẹ́ o."

"Ọlọ́wọ́ Yìnyín, jókòó jàre." Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń tutù. "Ojú mi ni ò ríwèé mọ́, etí mi ò tíì di."

Ó jókòó. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú bébà náà sọ pé Màmá ò mọ̀ pé òwúrọ̀ tí òun máa rí kẹ́yìn nìyẹn. Háà! Ta ló máa ka irú èyí sí alààyè létí? Ó tẹjú mọ́ bébà, ẹnu rẹ̀ sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

"Màmá máa ń jí kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n kórìíra irin tí a fi ń kọ́ wọn rìn, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dìde, mo gbá wọn mú pinpin. Wọ́n ní, 'Tú mi sílẹ̀ díẹ̀, ìwọ lo fẹ́ ṣubú.' Lóòótọ́, ẹsẹ̀ tèmi ló ń gbọ̀n." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Tí mo bá bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, wọ́n á ní rárá, ìka ẹsẹ̀ wọn á sì ká kò. N kì í bi ẹnu wọn mọ́. Ìka ẹsẹ̀ ni mò ń wò."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Olè ni ọ́! O rí ìka ẹsẹ̀ mi?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó pẹ́ tẹ́nì kan ti wò mí tó báyìí. Tún ibẹ̀ kà."

Ọmọbìnrin náà wo bébà. Òjò wà níbẹ̀, pósí wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dùn-ún kà. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Tirẹ̀ ṣo ó débi pé kò rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá. Ẹlòmíì ló bá mi kọ èyí." Ojú tì í wẹ̀lẹ̀mù. "Ẹ kú nínú ẹ̀."

"Mo kú?" Màmá wo bébà, ó wò ó. "Kí ló pa mí?"

"Mi ò mọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ yín rí."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó wo aago ara ògiri. Bóyá ló lè kọ òmíràn parí kí olùkọ́ tó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó ju bébà náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì fa bírò yọ lápò.

"Mo mọ̀ yín," ló wí, ó sì ya òun alára lẹ́nu pé òótọ́ ni.